Fífi ọkọ̀ ara ẹni fa bóòtì àti tírélà ní Texas: ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń bèèrè, àti ìdáhùn wọn

Bí oòrùn bá ti ń mú ní Houston níbí, ìbéèrè lórí bóòtì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Katy, Pearland, Richmond, Sugar Land ń ra bóòtì kékeré tí wọ́n fi ń pẹja ní Galveston tàbí Lake Conroe, àwọn míì ń háyà tírélà láti fi kó ẹrù ilé, jíìpù tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé náà ni wọ́n á so ó mọ́. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ o. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ló ń fa ẹrù tó ju ọkọ̀ wọn lọ, wọn ò sì mọ̀, torí ọkọ̀ ṣáà ń lọ, ọjọ́ tó bá yẹ kó dúró ni wọ́n á tó mọ̀. Tírélà tí mò ń sọ níbí, kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni o, kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì ní márosẹ̀ Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n, Highlander ni mo ní, V6 ni, ó lágbára gan-an. Ṣé kò lè fa bóòtì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18?

Ó lè fà á, ó sì lè má lè fà á, agbára ẹ́ńjìnì kọ́ ló máa sọ. Kí ọkọ̀ fa ẹrù gbéra ò le, kó dá a dúró lórí háíwéè I-45 nígbà tí ẹni iwájú bá tẹ búrééki lójijì, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín, èyí tó wà nínú àpótí iwájú tẹ́nì kan kì í ṣí yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ towing capacity sí, ìyẹn ìwúwo tí ọkọ̀ lè fà. Highlander ọdún 2020 tó jẹ́ V6 lè fa 5,000 pọ́ùn tó bá ní ohun èlò ìfàrù tí wọ́n ṣe mọ́ ọn, hybrid ọdún kan náà, 3,500 péré. Lójú títì ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Sienna, 3,500. Torí náà ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe òṣùwọ̀n, "Highlander ni tiẹ̀ náà" ò tó.

Ìyẹn nìkan kọ́ o, èyí tó kàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rárá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ máa rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ ìwúwo èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ. Ká ní tiyín kọ 1,300 pọ́ùn. Ẹ̀yin, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, ká pè é ní 650. Kúlà, yìnyín, oúnjẹ, irinṣẹ́ ìpẹja, ká pè é ní 150. Ó ku 500. Bóòtì àti tírélà tó bá jẹ́ 4,500 pọ́ùn, imú tírélà yẹn, ìyẹn iwájú ẹ̀ tí a fi ń so ó mọ́ ọkọ̀, á gbé nǹkan bíi 450 sí 675 lé ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, inú 500 yẹn ló ti máa jẹ. Ẹ ti rí i báyìí pé ọkọ̀ tí ìwé sọ pé ó lè fa 5,000 lè ti kún kó tó dé 4,500, torí àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú àwọn iye yẹn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Ẹni tó tà á fún mi ní 2,000 pọ́ùn ni bóòtì náà wọ̀n. Ṣé mo lè gbà á gbọ́?

Ó ṣeé ṣe kó má purọ́, àmọ́ iye tó wà nínú ìwé bóòtì sábà máa ń jẹ́ ti bóòtì lófìfo. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ò sí níbẹ̀ nígbà míì, ẹ́ńjìnì 115 horsepower nìkan sì máa ń ju 350 pọ́ùn lọ. Gálọ́ọ̀nù epo kan jẹ́ pọ́ùn 6, táǹkì gálọ́ọ̀nù 30 tó kún ti di 180 nìyẹn. Omi wúwo jù ú lọ, 8.3 pọ́ùn fún gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ wá fi bàtìrì kún un, áńkọ̀, okùn, àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi (life jacket), kẹ́ ẹ tún fi tírélà fúnra ẹ̀ kún un. Bóòtì 2,000 yẹn lè dé 3,500 lójú ọ̀nà láìsí pé ẹnì kan rẹ́ ẹ jẹ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé kẹ́ ẹ gbé e lọ wọ̀n. Àwọn ilé epo ńlá tí àwọn onítírélà ńlá ń dúró sí lójú háíwéè máa ń ní òṣùwọ̀n CAT Scale, ọkọ̀ kékeré náà lè gùn ún, owó ẹ̀ ò tó nǹkan rárá. Ẹ lọ pẹ̀lú epo, ẹrù àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ, torí ìwúwo ọjọ́ ìrìnàjò lẹ fẹ́ mọ̀. Bébà tí wọ́n máa fún yín á sọ ti ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ti tírélà lọ́tọ̀. Ẹ fi wé iye tó wà lára ilẹ̀kùn. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni màá ní kẹ́ ẹ mú.

Báwo ni kí n ṣe to ẹrù sínú tírélà?

Èyí tó wúwo níwájú, kó wà nílẹ̀, kó wà láàárín, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sápá kan. Bíi 60 nínú 100 ìwúwo ẹrù ló yẹ kó wà níwájú ẹsẹ̀ tírélà. Tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, imú á fúyẹ́, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì tí eré bá ti pọ̀, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í rọrùn láti tù ú nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí imú bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ á rẹlẹ̀, iwájú á gbéra díẹ̀, stíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, iná iwájú á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìwúwo imú tí wọ́n ń fẹ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo tírélà. Ìwé tírélà bóòtì míì lè sọ pé kó dín díẹ̀ sí i, ti inú ìwé ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ti bóòtì le díẹ̀ torí ẹ ò lè gbé ẹ́ńjìnì kúrò nídìí ẹ̀, àmọ́ ẹ lè gbé kúlà, áńkọ̀ àti bàtìrì tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wá síwájú, tàbí kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín sún òpó tí imú bóòtì fara tì. Kẹ́ ẹ sì de gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Okùn wínṣì iwájú, èyí tí a fi ń fa bóòtì gun tírélà, òun nìkan ò lè di bóòtì mú, ṣéènì gbọ́dọ̀ wà nímú ẹ̀ níwájú, bẹ́líìtì ìdèrù méjì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀ lẹ́yìn.

Bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, ṣé gbogbo tírélà ló máa gbà?

Rárá o! Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí: íǹṣì 1 7/8, íǹṣì 2, àti íǹṣì 2 5/16. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀lù náà, wọ́n á sì kọ ọ́ sára ẹnu tírélà, ibi tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá gbé ẹnu íǹṣì 2 lé bọ́ọ̀lù 1 7/8, ó máa jókòó, ó máa dà bíi pé ó ti há, ẹ máa wa ọkọ̀ kúrò nílé láìsí wàhálà, kòtò àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ló máa fò yọ. Bẹ́ ẹ bá ti so ó tán, tí ẹ ti tì í pa, tí ẹ ti fi píìnì sí i, ẹ fi jáàkì imú tírélà gbé imú náà sókè díẹ̀. Tí ìdí ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti mú. Tí imú tírélà bá dá gòkè, ẹ tún un so. Ìṣẹ́jú kan ni.

Lẹ́yìn náà ṣéènì méjì tó ń so tírélà mọ́ ọkọ̀. Ẹ gbé méjèèjì kọjá ara wọn lábẹ́ imú tírélà, kó ṣe àgbélébùú, torí bí imú bá já, orí ṣéènì ló máa balẹ̀ sí, kò ní gbẹ́ títì. Kó gùn tó láti yí kọ́nà, kó má gùn débi pé á máa wọ́ nílẹ̀. Ṣéènì tó ń wọ́ lórí títì máa ń ṣẹ́ná, koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Texas nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbiná.

Àwọn kan á ní hitch táwọn rà, ìyẹn irin ìdí ọkọ̀ tí a ń so tírélà mọ́, lè gbé 8,000 pọ́ùn. Ó dáa, àmọ́ kò sọ ọkọ̀ yín di ti 8,000. Èyí tó kéré jù láàárín ọkọ̀, hitch, irin tí bọ́ọ̀lù wà lórí ẹ̀, bọ́ọ̀lù àti tírélà, òun ni ẹ̀ ń lò.

Ṣé dandan ni kí tírélà ní búrééki tiẹ̀?

Lábẹ́ òfin Texas, tírélà tí gbogbo ìwúwo ẹ̀ bá ju 4,500 pọ́ùn lọ gbọ́dọ̀ ní búrééki. California ò gbà bẹ́ẹ̀, iye tiwọn kéré sí ìyẹn, mo sì fara mọ́ ti California. Ẹrù 3,000 pọ́ùn láìsí búrééki lẹ́yìn Sienna, ìyẹn ń bà mí lẹ́rù, òfin ì báà gbà á. Tírélà bóòtì sábà máa ń lo èyí tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dẹ̀rìn, tírélà á ti ìmú ẹ̀ síwájú, ìtì yẹn á tẹ búrééki fúnra ẹ̀, kò nílò wáyà. Búrééki oníná ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kọntírólà nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Tó bá ní okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ búrééki tírélà tí tírélà bá já, ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ara ṣéènì.

Iná ńkọ́?

Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn kó máa wò ó: iná ẹ̀yìn, búrééki, òsì, ọ̀tún. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá so ó ni, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á nìkan. Tírélà tó ń wọnú omi iyọ̀ máa ń ba wáyà jẹ kíákíá.

Táyà tírélà mi ṣì dáa, ó ní ẹ̀yẹ (ìlà jíjìn ojú táyà) dáadáa. Ṣé mo lè máa lò ó lọ?

Ojú ẹ̀yẹ ọ̀hún ló ń tan èèyàn. Tírélà bóòtì lè jókòó sẹ́yìn ilé oṣù mẹ́jọ láìmira, oòrùn Texas á máa jẹ táyà náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yẹ ẹ̀ á ṣì dà bíi tuntun. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí ẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tó bá ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà, tàbí tẹ́ ẹ rí i tó ń sán ní ẹ̀gbẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ì báà ní ẹ̀yẹ. Èyí tí wọ́n kọ ST sí lára ni ti tírélà. Kí afẹ́fẹ́ ẹ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Afẹ́fẹ́ tó dín ló ń mú kí táyà gbóná, ooru ló sì ń bẹ́ ẹ.

Sípíà táyà ti tírélà lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í bára mu. Jáàkì ọkọ̀ yín lè má dé abẹ́ tírélà, sípánà inú ọkọ̀ lè má wọ nọ́ọ̀tì tírélà. Ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò nílé.

Bearing ńkọ́? Inú họ́ọ̀bù ni bearing wà, gírísì ló ń jẹ́ kó yí. Ẹ̀ ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Katy, họ́ọ̀bù ti gbóná, ẹ wá tì í bọ inú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á súnkì, á fa omi wọlé, omi á ba gírísì jẹ́, lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà wíìlì á bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Torí náà ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọmi, ẹ máa fi gírísì sí i lásìkò, tẹ́ ẹ bá sì dúró ra epo, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́ ò burú. Èyí tó bá gbóná ju èkejì lọ, tí ẹ ò lè fọwọ́ kàn án, ẹ má wà á kúrò níbẹ̀.

Láti January 1, 2025 ni Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò, ẹ ò ní rí ẹni tó máa bá yín wò ó, ẹ̀yin fúnra yín ni.

Eré mélòó ni kí n máa sá?

California ti fòfin dè é, 55 máìlì ní wákàtí kan fún ọkọ̀ tó bá ń fa nǹkan. U-Haul tó ń fi tírélà háyà náà, 55 ni wọ́n kọ sára tírélà wọn. Ọ̀pọ̀ táyà ST, 65 ni wọ́n ṣe é fún. Lórí I-10 tí gbogbo ayé ń sá 80, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá, kí wọ́n máa fọn fèrè. Àlàfo láàárín yín àti ẹni iwájú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tẹ́ ẹ máa ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ní bọ́tìnì Tow/Haul tí wọ́n ṣe fún ìgbà tó bá ń fa ẹrù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Houston tẹ́jú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Austin kọjá sí àwọn òkè yẹn, gíá kékeré ni kẹ́ ẹ fi sọ̀, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé búrééki láti òkè délẹ̀, á gbóná, kò ní mú mọ́.

Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìfẹsẹ̀tẹ̀ epo. Ẹ di stíárìn mú gbọingbọin kó dojú kọ iwájú, ẹ má gbìyànjú láti máa yí i tẹ̀ lé tírélà, ọwọ́ yín á máa pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ńṣe lẹ máa bù kún un. Ẹ má tẹ búrééki ọkọ̀ gan-an, ẹ má sì sáré sí i, àwọn kan máa ń sọ pé eré ló ń tọ́ ọ, irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ní kọntírólà búrééki oníná, ọwọ́ kékeré kan wà lára ẹ̀ tó ń tẹ búrééki tírélà nìkan, ẹ rọra fún un, ìyẹn ló dáa jù. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ wá ibi tó láàbò dúró sí, ẹ wo bí ẹrù ṣe wà, torí kò ní ṣàì tún ṣe é tẹ́ ẹ bá tún padà sí eré yẹn.

Ibi tó ti máa ń ṣẹlẹ̀ ni ibi ìsọ̀kalẹ̀, ibi tí tírélà ńlá ti ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àti orí afárá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Afárá Galveston yẹn àti Fred Hartman ní Baytown, ẹ ti dẹ eré kẹ́ ẹ tó gùn wọ́n.

Mi ò lè fi tírélà sún sẹ́yìn, ṣe ló máa ń ṣẹ́ wá bá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ stíárìn. Apá tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ ni kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ yẹn lọ. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè dá a padà. Tó bá ti fẹ́ ṣẹ́ wá bá yín, ẹ má jà á, ẹ wà á síwájú kó tọ́, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá náà ń wà á síwájú. Ẹ lọ kọ́ ọ nínú páákì ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn, kì í ṣe létí omi tí ogún èèyàn dúró lẹ́yìn yín.

Nígbà tí mo bá dé etí omi, kí ló kàn?

Ẹ má tíì lọ sí ibi ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ẹ kó ẹrù sínú bóòtì, ẹ fi plọ́ọ̀gì ìdí bóòtì sí i, ẹ yọ wáyà iná tírélà. Plọ́ọ̀gì yẹn ṣe pàtàkì o, ihò ẹ̀ ni omi ń gbà wọlé tí ẹ ò bá dí i. Okùn wínṣì àti ṣéènì imú, ẹ má tú u títí ìdí bóòtì á fi wà nínú omi, torí bóòtì ti yọ̀ lulẹ̀ sórí kọnkéré rí láìmọye ìgbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kánjú.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sún un sẹ́yìn. Ẹ yí fèrèsé sílẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì ara yín. Ewédò máa ń yọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ sì ti bá tírélà wọmi lọ rí. Ẹ fi sí Park, ẹ fa háńdì búrééki, tẹ́ ẹ bá ní igi tẹ́ ẹ lè fi há táyà, ẹ há a. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́yìn tírélà.

Ọmọ tí kò tíì pé 13 gbọ́dọ̀ wọ life jacket nínú bóòtì tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 26 tó bá ti ń rìn. Ẹni tí wọ́n bí ní September 1, 1993 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ bóòtì kó tó wa èyí tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ bá ju 15 horsepower lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń darí bọ̀, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí gbogbo omi dà nù, kẹ́ ẹ sì já gbogbo koríko omi tó lẹ̀ mọ́ tírélà. Òfin ni jákèjádò Texas láti July 1, 2014, torí zebra mussel, ẹ̀dá omi kékeré oníkarahun kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Lake Texoma ní 2009, tó ń ti inú bóòtì dé adágún míì, ó ń dí páìpù omi ìlú pa. Omi Galveston ní tiẹ̀ jẹ́ omi iyọ̀, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ tírélà, pàápàá búrééki ẹ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ṣé àwọn ọmọ lè jókòó sínú bóòtì tá a bá ń fà á lọ?

Rárá. Ì báà jẹ́ òpópó kan péré.

Ṣé mo nílò láísẹ́ǹsì míì? Ìnṣọ́ránsì ńkọ́?

Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ lásán tó fún bóòtì àti tírélà ìkẹ́rù tí àwa ń lò. Èyí tó nílò CDL, ìyẹn láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá ti òwò, ni tí ọkọ̀ àti tírélà papọ̀ bá dé 26,001 pọ́ùn tí tírélà nìkan sì ju 10,000 lọ, a ò dé ibẹ̀. Fún ìnṣọ́ránsì, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Ti ọkọ̀ yín sábà máa ń san ohun tí tírélà bá bàjẹ́ fún ẹlòmíì, kì í sábà san ti tírélà àti bóòtì fúnra wọn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ háyà, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wọn ló kọ̀ ọ́.

Àbúrò yín ni mí láti Peckham. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní London?

Bí a ṣe ń to ẹrù jọra, àmọ́ òfin yàtọ̀. Láti December 16, 2021, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ pípé lè fa tírélà tó dé 3,500 kílò, kò nílò ìdánwò ọ̀tọ̀ mọ́. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó gba láísẹ́ǹsì láti January 1, 1997 ní láti ṣe ìdánwò míì fún èyí tó bá tóbi. Pé wọ́n yọ ìdánwò kúrò ò sọ ọkọ̀ yín di alágbára o, iye tó wà lára ọkọ̀ ṣì ni. Tírélà tí kò ní búrééki ò gbọ́dọ̀ ju 750 kílò tàbí ìdajì ìwúwo ọkọ̀ yín lọ, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Ìwúwo imú lọ́dọ̀ yín, 5 sí 7 nínú 100 ni wọ́n sábà ń sọ. Bọ́ọ̀lù yín, mìlímítà 50. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín gan-an gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn tírélà, lórí pátákó ofeefee. Eré: 60 máìlì lórí mọ́tòwéè àti dual carriageway, 50 lórí ọ̀nà lásán tí wọn ò pín láàárín (single carriageway) tí kò sí nínú ìlú, tí mọ́tòwéè bá sì ní ìlà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gba ti ọ̀tún pátápátá.